Ẹ jẹ́ kí omi sùn ní balùwẹ̀ mọ́jú kí ẹ tó lẹ táìsì

Ẹ̀yin Olótùú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ la fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ, pàápàá àwọn tó ń tún ilé àgbà ṣe nínú agbo ilé káàkiri Ìlọrin, àti àwọn tó ń pààrọ̀ balùwẹ̀ inú ilé tí wọ́n ra ní Tánkè tàbí Gáà Akànbí. Ohun kan ló ń jẹ owó àwọn èèyàn jù lórí iṣẹ́ yìí: wọ́n ń fi táìsì bo ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò. Táìsì kì í dá omi dúró. Omi máa ń gba ojú ìpàdé táìsì wọlé díẹ̀díẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń dá a dúró, tàbí tó ń jẹ́ kó kọjá sí yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń ní kí wọ́n lẹ táìsì tuntun lé ògbólógbòó lórí kí owó má baà pọ̀. Lára ògiri, ó ṣeé ṣe, bí ti tẹ́lẹ̀ bá ṣì dì mọ́ ògiri pinpin, tí kò dún bí agbè òfìfo nígbà tí a bá fi ọwọ́ kàn án. Ní ilẹ̀, ẹ má dán an wò. Táìsì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò gbé ilẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì, ẹnu ihò omi yóò wá di kòtò, ilẹ̀ balùwẹ̀ yóò sì di ẹgbẹ́ pálọ̀. Lọ́jọ́ tí irun bá dí ihò omi, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ó yẹ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ tí a ti parí fi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó kéré tán.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ló kàn. Láti ìkángun tó jìnnà jù dé ibi ihò omi, kí mítà kọ̀ọ̀kan fi mìlímítà 15 sí 20 rẹlẹ̀. Balùwẹ̀ tó gùn ní mítà 2.1, tí ihò omi rẹ̀ wà ní igun, yóò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lápapọ̀. Inú sìmẹ́ńtì ìtẹ́lẹ̀ ni ìdagẹ̀rẹ̀ yìí ti gbọ́dọ̀ wà, òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn ṣáàpù mẹ́rin. Onítáìsì tó bá ní òun yóò fi gọ́ọ̀mù wá ìdagẹ̀rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe: ibì kan yóò nípọn, ibòmíràn yóò fẹ́lẹ́, èyí tó nípọn á súnkì bó ṣe ń gbẹ, táìsì á sì jìn níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí sìmẹ́ńtì ìtẹ́lẹ̀ yìí fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ fi ọ̀rá bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbẹ láìlágbára, a ó sì máa fi bàtà gbá ìyẹ̀fun orí rẹ̀. Bí ó bá ti le, ẹ da garawa omi kan sí igun tó jìnnà. Bó bá rìn dé ihò omi fúnra rẹ̀ láìsí ìgbálẹ̀, ó dára.

Páìpù tó ń gbé ìdọ̀tí jáde láti inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ínǹṣì 4 ni. Ti ihò omi ilẹ̀, ínǹṣì 2. Ti báṣíìnì ìfọwọ́, ínǹṣì kan àbọ̀. Kí ti ínǹṣì 4 fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 dagẹ̀rẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bí sẹ́pítíìkì bá jìnnà ní mítà 4, sẹ̀ǹtímítà 10 nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ibi tí páìpù bá ti fẹ́ yí, ẹ fi ẹ́líbò, ìyẹn ìgbọ̀nwọ́ páìpù, méjì tí kò ṣẹ́ púpọ̀ ṣe é dípò ẹyọ kan tó ṣẹ́ gbọ̀n-ín, kí ẹ sì ṣe mánhóòlù, ìyẹn ihò onídèérí tí a lè ṣí láti yẹ páìpù wò, sí ìta ibẹ̀. Ní ti sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí omi sẹ́pítíìkì ti ń rì sínú ilẹ̀, kí ó jìnnà sí kànga tó mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Nínú agbo ilé tó fún, èyí ṣòro púpọ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ sí apá òkè kànga láé. Omi ìdọ̀tí kì í gun òkè, ìsàlẹ̀ ló ń wá.

Òórùn nínú balùwẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wọ́pọ̀ gan-an, àwọn èèyàn a sì máa fi Izal lé e. Kò ní lọ. Bóyá kò sí tíráàpù rárá, ìyẹn ọrùn páìpù tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, tí omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 máa ń dúró sínú rẹ̀ láti dènà afẹ́fẹ́ sẹ́pítíìkì. Bí tíráàpù bá wà tí òórùn ṣì ń wá, ó lè jẹ́ pé omi inú rẹ̀ ti gbẹ, bó ṣe máa ń rí ní balùwẹ̀ àlejò tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ láti Ọ̀pẹ dé Èrèlé. Ife omi kan lọ́sẹ̀ kan tó o. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí páìpù èémí tó yọ kọjá òrùlé. Bí omi àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń já lọ ní gbàràmù, tí kò rí afẹ́fẹ́ fà láti òkè, inú tíráàpù báṣíìnì ni yóò ti fà á. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tí yóò máa dún gulọ̀gulọ̀. Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu páìpù èémí náà nítorí ẹ̀fọn.

Ti páìpù omi mímọ́, èyí tí a ń fi ẹ̀rọ gbígbóná jó pọ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ ìjópáìpù gbọ́dọ̀ gbóná dé 260 digírì. Páìpù mìlímítà 20, ìṣẹ́jú àáyá 5 lórí iná. Ti 25, ìṣẹ́jú àáyá 7. Ẹ tì í wọnú ara wọn gbọọrọ, ẹ má yí i, ẹ dì í mú títí yóò fi le. Bí ó bá pẹ́ jù lórí iná, inú rẹ̀ á yọ́, á sì dí ihò páìpù kù díẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ á wá máa bínú sí táǹkì nígbà tó jẹ́ pé inú ògiri ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Bí omi tàbí eruku bá wà lójú rẹ̀, kò ní mú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ nìyí: wọ́n ṣí omi táǹkì, wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò jò, wọ́n rẹ́ ògiri. Mítà 10 ni omi gbọ́dọ̀ ga kí agbára rẹ̀ tó tó báà kan, báà ni òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń ti páìpù. Táǹkì tó wà ní mítà 6 sókè kò fún un ju báà 0.6 lọ. Bí onílé bá wá ra ẹ̀rọ tó ń ti omi lágbára lọ́dún tó ń bọ̀, tó gbé e dé báà 3, ojú ìpàdé tí kò jó dáadáa á là nínú ògiri, lẹ́yìn táìsì olówó ńlá. Ẹ háyà pọ́ǹpù ọwọ́ tí a fi ń dán páìpù wò. Ẹ gbé e dé báà 6. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ nítorí páìpù náà máa ń fẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún gbé e padà dé báà 6, lẹ́yìn náà kó dúró fún wákàtí kan láìyẹ̀. Bí ó bá ṣì ń wálẹ̀, ẹ wá ibi tó ń jò, ẹ má jẹ́ kí birikilà gbé sìmẹ́ńtì síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí sìmẹ́ńtì ìtẹ́lẹ̀ àti ti ògiri bá ti gbẹ, ọ̀dà adómidúró ló kàn. Èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun inú àpò pẹ̀lú omi funfun inú kẹ́ẹ̀gì ni a fọwọ́ sí. Ọ̀dà tí a fi ń kun pálọ̀ kọ́ o. Ìgbà méjì ni kí ẹ kùn ún: àkọ́kọ́ lóòró, ìkejì níbùú, kí èyí lè dí ihò tí tọ̀hún bá fi sílẹ̀. Kó gun ògiri dé sẹ̀ǹtímítà 15 yí gbogbo yàrá ká, níbi tí ṣáwà wà, kó dé mítà 1.8. Gbogbo igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, àti ọrùn ihò omi, ẹ tẹ́ aṣọ àwọ̀n síbẹ̀ láàárín ìkùn kìíní àti ìkejì, torí pé ibẹ̀ ló máa ń là.

Ìgbà yẹn ni kí omi wá sùn síbẹ̀. Ẹ wé àkísà sínú ọ̀rá, ẹ fi dí ihò omi pinpin. Ẹ fi amọ̀ ṣe ìdènà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ da omi sí i títí ibi tó ga jù nílẹ̀ yóò fi rì tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì ojú omi sára ògiri. Ẹ gbé garawa omi kan sínú yàrá kan náà, ẹ sàmì sí òun náà. Ọyẹ́ ìhín máa ń mu omi. Bí ti ilẹ̀ àti ti garawa bá lọ sílẹ̀ bákan náà, afẹ́fẹ́ ló mu ún. Bí ti ilẹ̀ bá yára lọ sílẹ̀ ju ti garawa lọ, ó ń jò. Wákàtí 24 gbáko. Bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kí ẹnì kan máa lọ wo àjà ìsàlẹ̀. Onílé tó ń kánjú yóò ní ọjọ́ kan ti pọ̀ jù. Owó táìsì tí a bá tún wó kúrò ló pọ̀ jù.

Ilé amọ̀ yàtọ̀. Ní Pàkátà, ní Àlànàmú, ní Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú ṣì pọ̀, àwọn ọmọ onílé sì máa ń fẹ́ kí balùwẹ̀ wà nínú ilé kí màmá àgbà má baà jáde lóru. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, a sì máa súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì á ya ara wọn, táìsì á bẹ́ sílẹ̀ lódidi bí èèpo, ìsàlẹ̀ ògiri á sì máa rà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ má gbẹ́ ògiri amọ̀ láti ri páìpù mọ́ ọn. Ẹ mọ ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 5 tàbí 6 sí inú rẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín òun àti amọ̀, kí gbogbo páìpù àti táìsì wà lára búlọ́ọ̀kù. Yàrá á kéré sí i. Bí kò bá gbà á, ẹ kọ́ balùwẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn ilé, kí ẹ sì lu ilẹ̀kùn sí i láti inú.

Ní ti iye táìsì, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yàrá mítà 1.5 sí 2.1. Ilẹ̀ jẹ́ 3.15 ní mítà onígun mẹ́rin. Táìsì sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, ẹyọ 35 ló bò ó. Ògiri dé mítà 2.1 lókè, bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kékeré kan, ó kù bíi 13.2, táìsì 25 sí 40, ẹyọ 132. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e fún gígé àti fífọ́: 39 àti 146. Kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí jẹ́ ọ̀kan náà, torí àwọ̀ máa ń yàtọ̀ láti ìpele kan sí èkejì. Ti ilẹ̀, ẹ má ra èyí tó ń dán. Táìsì tó le gan-an, tí kì í mu omi, kò ní lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì lásán, gọ́ọ̀mù táìsì nìkan ni, àpò kílò 20 sì máa ń bo bíi mítà onígun mẹ́rin 4 sí 5. Ẹ má bu gọ́ọ̀mù sí igun mẹ́rin àti àárín bí ẹni ń ṣe àkàrà. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi irin eléyín fà á, ẹ ká táìsì kan kúrò láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn náà kò bá kún, ẹ̀yìn gbogbo èyí tí ẹ ti lẹ̀ náà kò kún nìyẹn. Ojú ìpàdé ògiri sí ògiri, sílíkóònù ni, kì í ṣe sìmẹ́ńtì funfun.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀: lẹ́yìn tí táìsì bá ti wà lára ògiri ni a ń wọn ibi tí ihò rẹ̀ máa wà, kì í ṣe láti ojú búlọ́ọ̀kù, torí sìmẹ́ńtì, gọ́ọ̀mù àti táìsì ń jẹ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dì í mọ́lẹ̀. Bólútì onírọ́bà ni, ẹ má sì fún un gbọin-gbọin, amọ̀ funfun yẹn máa ń sán. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìlú yìí kì í fẹ́ kọjú tàbí kẹ̀yìn sí Kíbílà, ìyẹn ìhà Mẹ́kà tí wọ́n ń kọjú sí kírun, lórí rẹ̀. Láti Ìlọrin, Kíbílà wà ní ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí àríwá, bíi 65 digírì lórí kọ́ńpáàsì. Àwo tó bá kọjú sí àríwá tàbí gúúsù bọ́. Kí a tó ri páìpù ínǹṣì 4 ni kí a ti sọ ọ́. Ẹ fi táàpù kan sí ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 fún àlùwàlá, àwọn àgbà tó ń jókòó lórí àpótí á gbàdúrà fún yín.

Kí birikilà tó rẹ́ ògiri, ẹ fi fóònù ya gbogbo páìpù, ẹ na tépù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn nínú àwòrán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú ilé. Ẹni tó máa fi ìlu so dígí mọ́ ògiri lọ́dún méjì sí i yóò nílò rẹ̀.

Àwa ni,
Púlọ́mbà kan àti onítáìsì kan,
Gáà Akànbí, Ìlọrin.