Sí Ìyá Ìbejì ní Sùúrùlérè: ọ̀rọ̀ ijó ballet tí ẹ béèrè

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹ bá mi kí Màmá.

Ẹ ní ṣé ijó ballet ṣeé kọ́ fún àwọn Ìbejì ọmọ ọdún 8, fún ẹ̀yin tí ẹ pé 46, àti fún Màmá tó ti lé ní 70. Gbogbo yín lẹ lè kọ́ ọ. Alicia Alonso ará Kúbà ṣì ń jó lórí ìtàgé lẹ́yìn tó lé ní ẹni 70 ọdún, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa. Ohun kan náà lẹ jọ máa ṣe, ìwọ̀n rẹ̀ ló máa yàtọ̀.

Plié ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ru garawa omi, tó fẹ́ kí àgbà lọ́nà, orúnkún nìkan ló máa tẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á nà ṣánṣán kí omi má dànù. Plié gan-an nìyẹn. Ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ méjèèjì kanra, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú síta díẹ̀. Ẹ ka ení dé ẹ̀rin lọ sílẹ̀, ẹ̀rin míì fún dídìde, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, ìdí ò sì gbọdọ̀ yọ sẹ́yìn.

Yíyí ẹsẹ̀ síta ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Wọ́n á rí oníjó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tò bí ìlà kan, wọ́n á fi tipá yí tiwọn. Ìbàdí ló ń yí ẹsẹ̀ síta. Egungun itan wà nínú rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó, ó lè yí kiri. Orúnkún ní tirẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn: ó ń ṣí, ó ń padé, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tí ìbàdí ò bá yí tó, tí ẹ wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ fà á, orúnkún ló máa jìyà. Ẹ so bọ́tìnnì mọ́ òwú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láti àárín orúnkún tó tẹ̀. Tó bá wà lókè ìka kejì, ó tọ́. Tó bá wọ inú kọjá àtàǹpàkò, ẹ dín yíyí náà kù.

Màmá ò ní lọ jìnnà sílẹ̀, nítorí làkúrègbé. Kí wọ́n di ibi ìfọwọ́ kíṣíìnì mú, kí wọ́n dìde sórí ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tí èyí ń mú lágbára ló máa ń gbà wá tí ẹsẹ̀ bá kọ.

Fídíò ọmọkùnrin tó jó nínú òjò ní Àjàngbàdì ní 2020 wú gbogbo ayé lórí, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn Ìbejì máa fò lórí táìlì pálọ̀. Kọnkéré ò gba ìfò, ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí ro wọ́n. Ilẹ̀ pákó tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀ ló dára. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà kàn ń dí yíyọ̀ lọ́wọ́ ni. Fóòmù náà ò dáa fún yíyípo lórí ẹsẹ̀ kan, torí ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀ nígbà tí orúnkún ń yí lọ.

Bàtà olórí líle tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka, ẹ jọ̀ọ́, ó di ìgbà tí àwọn Ìbejì bá pé ọmọ ọdún 11 tàbí 12, lẹ́yìn ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ olùkọ́. Egungun wọn ṣì rọ̀. Ẹ má ra òkìrìkà rẹ̀ ní Yábà láé: aṣọ àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ ya àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn méjèèjì sórí ìwé. Kí wọ́n dúró ni o, kí wọ́n má jókòó, torí ẹsẹ̀ máa ń gùn sí i tí a bá dúró. Bàtà rírọ̀ ni màá fi ránṣẹ́.

Àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù