Má tíì fi fóònù Fúnmi ránṣẹ́

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bọ́dúndé ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kun o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Houston? Mo dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ ní Ògìdì. Ara wọn le, ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n sì ń sọ títí mo fi dìde.

Wọ́n sọ fún mi pé o rí iPhone 12 kan rà lówó pọ́ọ́kú, pé o fẹ́ fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé sí Fúnmi, nítorí yunifásítì tó fẹ́ wọ̀ ní Lọ́kọ́ja. O ṣeun tí o ń ro ti àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì gbé e fún ẹni náà. Wọ́n ní AT&T, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, ló ti fóònù náà pa, pé o ní a ó bá ọ ṣí i níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ìwọ náà mọ̀ pé oṣooṣù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san owó fóònù lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí AT&T fi ń tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn títí owó yóò fi pé. Ọ̀dọ̀ Apple ni àkọsílẹ̀ títì náà wà, AT&T ló sì ní àṣẹ láti ní kí wọ́n tú u. Kò sí ẹni tó jókòó sí ọjà Kábà tó lè dé ibẹ̀. Bí Fúnmi bá ki síìmù MTN bọ̀ ọ́, "SIM Not Supported" ni yóò rí.

R-SIM ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é níbí: ṣíìpù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ síìmù, tó ń tan fóònù jẹ pé síìmù AT&T ló wà nínú òun. Ó ń ṣiṣẹ́, n kò sì bú àwọn ọmọ tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá gba àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ Apple, ó lè kọ síìmù náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ọmọ wà ní Lọ́kọ́ja láìrí ìyá rẹ̀ pè. Ọkàn mi kò gbà á fún Fúnmi rárá.

Ọ̀dọ̀ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Tẹ *#06#, nọ́mbà IMEI, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ fóònù náà, á jáde. Lọ sí ojú ewé tí AT&T yà sọ́tọ̀ fún ṣíṣí fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o fi nọ́mbà yẹn tọrọ rẹ̀. Wọn kò gba owó, kò sì pọn dandan kí o jẹ́ oníbàárà wọn tàbí kí o fọwọ́ sí àdéhùn kankan. Wọ́n á wò ó bóyá owó fóònù ti pé, bóyá ó ti lo 60 ọjọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti ké pé wọ́n jí i. Bí wọ́n bá ní gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀, dá a padà fún ẹni tó tà á, nígbà tí o ṣì lè rí i.

Títì kan tún wà tó jẹ́ pé AT&T kò lè ṣe nǹkan kan sí i: àkáǹtì Apple ti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Láti ọdún 2013 ni Apple ti gbé e jáde nítorí olè. Bí o bá pa gbogbo nǹkan inú fóònù rẹ́, tó wá ń béèrè ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn, ẹni náà ni kó yọ ara rẹ̀ kúrò. Jẹ́ kó ṣe é lójú rẹ.

Bí AT&T bá ti gbà, wọ Settings, General, About. Níwájú Carrier Lock, "No SIM restrictions" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹni tó ń bọ̀ tó di ẹrù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Olúṣọlá