Ẹ Má Fi Ìyìn Senna Pa Orúkọ Prost Rẹ́

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ yín lórí Ayrton Senna, ọmọ Bùràsíìlì, awakọ̀ eré ìje ọkọ̀ Formula 1 nì, kò sì jẹ́ kí n sùn. Ọmọ Àgùdà ni mí ní Àjàṣẹ́ níbí, Bùràsíìlì ni àwọn baba ńlá wa ti padà wá. Lọ́jọ́ tí Senna kú nínú ìdíje Imola ní Ítálì, 1 Oṣù Karùn-ún 1994, bàbá mi ṣí fìlà lórí nídìí tẹlifíṣọ̀n, kò sì dé e mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe ọ̀tá Senna ló ń kọ̀wé sí yín.

Ṣùgbọ́n ẹ ní kò sí awakọ̀ tó tó o rí, ẹ ní àrékérekè nìkan ni Alain Prost, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, fi ń bá a figagbága. Àsọdùn ni. Ní 1988, ẹgbẹ́ McLaren ni àwọn méjèèjì jọ ń wakọ̀ fún. Nínú ìdíje 16, Senna gba 8, Prost gba 7. Bí a bá ro gbogbo máàkì pọ̀, Prost ní 105, Senna ní 94. Òfin ìgbà náà ni pé ìdíje 11 tí awakọ̀ ti ṣe dáadáa jù nìkan ni kí wọ́n kà, ló bá di 90 fún Senna, 87 fún Prost, Senna gba ife àgbáyé ọdún náà. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ ṣé òpè ló máa kó máàkì 105 níwájú Senna? Bóyá torí pé ọmọ Faransé ni Prost ni ọ̀pọ̀ wa ò fi fẹ́ yìn ín.

Ẹ tún mẹ́nu ba ìdíje inú òjò ní Monaco ní 1984. Mo ti wo fídíò rẹ̀ àìmọye ìgbà: Senna nínú ọkọ̀ Toleman tí kò lágbára, ó ń ya àwọn ọ̀gá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń ta bò ó, ó kù díẹ̀ kó bá Prost kí wọ́n tó dá eré dúró. Títí di òní, àyà mi ń já tí mo bá ń wò ó. Ṣùgbọ́n Stefan Bellof, ọmọ Jámánì, wà lẹ́yìn òun náà, ó ń lé e bọ̀. Ta ló ń dárúkọ Bellof?

Ti ìdíje Suzuka ní Japan ní 1990, tí Senna forí ọkọ̀ sọ Prost ní kọ́nà àkọ́kọ́, tó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́dún kejì pé òun mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, ẹ fo ìyẹn dá.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó gba ìdíje 41, tó gba Monaco lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí la tún ń bu iyọ̀ sí ìtàn rẹ̀ fún?

Nígbà tí wọ́n ń sìnkú rẹ̀ ní São Paulo, Prost wà lára àwọn tó gbé pósí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn kún un bí ẹ bá tún máa kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Àjàṣẹ́