Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ni léré ìdárayá mọ ìtọ́jú ara

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń ṣètò eré ìdárayá níléèwé wa ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú létí.

Forrest Allen, tí wọ́n ń pè ní Phog, gba bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Yunifásítì Kansas nílẹ̀ Amẹ́ríkà lábẹ́ James Naismith, dókítà tó dá eré náà sílẹ̀ lọ́dún 1891. Allen ló gba ipò ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 1907, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi lọ kọ́ṣẹ́ ìfọwọ́tọ́jú egungun àti iṣan; nígbà tó padà dé lọ́dún 1919, òun kan náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì tún ń tọ́jú oríkèé wọn. Ó wà níbẹ̀ títí di 1956. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 1952, ohun ńlá sì ni, àmọ́ ọwọ́ ìtọ́jú yẹn ló wú èmi lórí jù.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ́ lórí pápá oníkọnkéré, omi inú ọ̀rá ni wọn yóò dà sí i, ẹnìkan á fa ẹsẹ̀ náà gbọọrọ, wọ́n á sì bi í bóyá ó lè parí eré. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi jẹ́ kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá lọ kọ́ ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kàbà.