Ẹgbẹ́ alájọ wa lè ran ìwádìí wárápá lọ́wọ́

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Elépo ni mí ní ọjà Kúbwà, ní Àbújá níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní wárápá.

Lóṣù tó kọjá, ó gbé e ṣánlẹ̀ nídìí ìsọ̀ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá kẹ́ẹ̀gì epo dànù, epo ṣàn dé abẹ́ tábìlì alátà. Kíá ni àwọn èèyàn sá, wọ́n ní itọ́ ẹnu rẹ̀ máa ràn wọ́n. Wárápá kì í ràn! Ọkùnrin kan ṣoṣo tó dúró, ṣíbí ló ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín iwájú kan sì kán. Ká fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ká kó ohun líle kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, ìyẹn ni mo ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Sàríà ka ìtàn Jim Abrahams fún mi, onífíìmù ará Amẹ́ríkà. Ọdún 1993 ni wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Charlie ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún kan. Oògùn kò ràn án. Bàbá yìí fúnra rẹ̀ ló kà á nínú ìwé pé oúnjẹ kan wà tí àwọn dókítà ti ń lò láti 1921, tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, tí ṣúgà àti oúnjẹ bíi ìrẹsì kò tó nǹkan. Ìgbà tí oògùn tuntun dé ni wọ́n pa á tì. Charlie jẹ ẹ́, wárápá fi í sílẹ̀. Ní 1994, ìdílé náà dá àjọ kékeré kan sílẹ̀, Charlie Foundation.

Ta ni ì bá náwó sórí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀? Èrè wo ni ilé-iṣẹ́ oògùn fẹ́ rí lórí ẹyin àti òróró? Àjọ yìí ló gbé owó sílẹ̀, ilé ìwòsàn méje gbìyànjú rẹ̀ lára ọmọ 51, àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Nígbà tó di 2008, àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù gbé èyí tó lágbára jáde, ọmọ 145: láàárín oṣù mẹ́ta, ìdá 38 nínú 100 àwọn tó jẹ oúnjẹ náà ni wárápá wọn dín ju ìlàjì lọ. Láàárín àwọn tí kò jẹ ẹ́, ìdá 6 péré.

Ẹ má tìtorí èyí máa rọ epo sọ́mọ lẹ́nu nílé o. Oúnjẹ tí dókítà ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ni, ó sì lè ṣe ọmọ léṣe bí a bá ṣe é ní ìṣekúṣe.

Àmàlà, ẹ̀bà, tùwó làwa ń jẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n bá wa wádìí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ àti epo tiwa. Àwa 27 la wà nínú ẹgbẹ́ alájọ wa, ọdọọdún la sì ń dá aṣọ. Mo dábàá kí kálukú yọ 500 náírà lóṣù. Ìyá kan ní a kì í dáwó sí ohun tójú ò rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, 162,000 náírà ni yóò jẹ́ lọ́dún. Ó tó ra òṣùwọ̀n, ó tó san owó mọ́tò fáwọn ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Ìwé ọmọ ilé-ìwé ni mo fi ń kọ ọjọ́ tó bá gbé e, aago tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó jẹ láàárọ̀. Mo ti kọ mẹ́ta kún. Bí dókítà ọpọlọ kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní Àbújá tàbí Sàríà, àwọn ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi, màá gbé wọn wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ràṣídì, elépo, Kúbwà