Ẹ̀sùn lórí Camry 2004 tí ẹ ní ẹ ti tún ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ náà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo gbé Camry 2004, Big Daddy aláwọ̀ eérú yẹn, wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Mò ń kọ lẹ́tà yìí torí mo ti pe fóònù yín títí, ẹni tó ń gbé e kàn ń sọ pé kí n ṣe sùúrù, sùúrù ọ̀hún sì ti tán báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí nǹkan tí mo kọ́kọ́ sọ. Mo ní mọ́tò yìí ṣàdéédéé ò fà mọ́. Ó ń stáàtì dáadáa, tó bá dúró sójú kan kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá ti wọ títì tí mo tẹná sí i, ọwọ́ RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ò ní kọjá 2,500, á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Mo tún ní ó ti ń gbọ̀n fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yẹn, tí iná check engine sì ń ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú o, kì í ṣe pé ó tàn kalẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi.

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ ní pọ́ǹpù epo ni. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, mo san 65,000. Kò sẹ́ni tó fi géèjì wò ó kí wọ́n tó yọ ọ́, mo mọ̀ torí orí bẹ́ǹṣì yín ni mo jókòó sí látàárọ̀. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo bẹntiróòlù lọ sínú ẹ́ńjìnnì yẹn, tí géèjì bá ti kà á sí 44 sí 50 psi, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ pọ́ǹpù? Ẹ ní kí n máa lọ, mo sì wà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ṣì ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kejì ẹ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tó ń fún un níná, 90,000. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín, gbígbọ̀n yẹn lọ, ẹ wá ní ó ti dáa, ni mo bá gbé màmá mi sínú ẹ̀ ká lọ Adó-Èkìtì. Òkè Ẹ̀fọ̀n ló kọ̀ sí. Mo tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, mọ́tò ń rákò, tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, màmá mi ń pe Jésù. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí ju owó lọ. Ìgbà tí mo padà dé, ẹ ní gíà ló bàjẹ́, kí n lọ wá 350,000 wá.

Mi ò wá a. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá, kò tú nǹkan kan títí tó fi bi mí léèrè tán. Ó so géèjì vacuum, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa atẹ́gùn, mọ́ ọn, ó kà 18 tó dáa, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 kí n dì í mú, ọwọ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yọ sensọ̀ tó wà níwájú kàtálístì, ìyẹn nǹkan tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, èéfín ríbi gbà jáde, mọ́tò sì fà lójú ẹsẹ̀, ariwo ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ìgbà tó tú kàtálístì ọ̀hún, inú ẹ̀ tó yẹ kó rí bí afárá oyin ti yọ́, ó ti dí. Èéfín ò ráyè jáde, atẹ́gùn tuntun ò sì ráyè wọlé.

Kọ́ìlì tó kú ló fà á. Epo tí ò jóná nínú ẹ́ńjìnnì ló lọ ń jóná nínú kàtálístì, nǹkan tí iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ń kìlọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Èmi náà wà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wá, ìyẹn wà lọ́rùn mi, mi ò sì ní kẹ́ ẹ san owó kàtálístì. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù, ọ̀dọ̀ yín ni.

Mo fẹ́ gba 65,000 mi padà. Mo fẹ́ pọ́ǹpù àtijọ́ mi, torí òun ló bá mọ́tò wá, kò sì sẹ́ni tó fi hàn mí lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́. Kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé pé gíà mi ò bàjẹ́, torí ẹ ti kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ó bàjẹ́, mo sì lè fẹ́ ta mọ́tò yìí lọ́la. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, kàtálístì tó yọ́ náà wà nínú bọ́ọ̀tù, mo lè gbé e wá kẹ́ ẹ wò ó.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tó ni Camry aláwọ̀ eérú