Bọ̀dé, mítà ìwọn iná ọkọ̀ tó o fẹ́ rà yẹn

Bọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kun o!

Ṣé ara le ní Sókótó lọ́hùn-ún? Àwa wà ní Kàbbà ńbí, òjò ti dé, tírélà ọ̀nà Ọbàjànà ò sì jẹ́ ká rímú mí, àmọ́ àwọn náà ló ń gbé iṣẹ́ wá fún rewáyà, kí ni mo fẹ́ sọ.

Má dá ẹni tó ní kó o lọ ra mítà Fluke olówó ńlá yẹn lóhùn jàre. Ó dáa o, ṣùgbọ́n ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, 12 volt inú ọkọ̀ náà lò ń bá fà á, kì í ṣe iná NEPA. DT830 yélò kékeré tó kún ọjà yẹn máa ka volt fún ẹ, àmọ́ wo ihò 10A ẹ̀ tí wọ́n fi ń ka ámpù (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kọ "unfused" sí, kò sí fíùsì níbẹ̀, tí wáyà pupa bá ṣì wà nínú ihò yẹn tó o wá fi kan orí bátìrì pẹ́nrẹ́n, ó lè yọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Fowó díẹ̀ kún un, ra UNI-T kékeré àbí irú ẹ̀, kó ní fíùsì, kó máa dún tí iná bá lè gba inú wáyà kọjá láìdúró, kó sì máa pa ara ẹ̀ tó o bá gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó lẹ́nu bí alákàn ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú olówó pọ́ọ́kú ibẹ̀, AC (irú iná NEPA) nìkan ni wọ́n ń ka ámpù ẹ̀, DC (iná bátìrì) sì ni ti ọkọ̀, fi sílẹ̀ ná.

Bátìrì tó sinmi tó sì kún, bíi 12.6 volt ni, tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Ibi tí mítà ti ń pawó gan-an nìyí: fi wáyà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, ìkejì sára ẹ́ńjìnì, ní kí ẹnì kan sítáàtì ọkọ̀, tó bá ju ààbọ̀ volt lọ, ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó so nẹ́gétíìfù bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, ló ti dógùn-ún. Àwọn kan á ti ní kí oníọkọ̀ lọ ra bátìrì tuntun, wọ́n á gbowó, ọkọ̀ á tún padà wá, ìwà yẹn máa ń bí mi nínú ṣá. Tí bátìrì bá ń kú mọ́jú, pa gbogbo nǹkan, yọ wáyà nẹ́gétíìfù, gbé mítà sí ààrin òun àti bátìrì láti ka ámpù, jẹ́ kí ọkọ̀ sùn dáadáa kó o tó kà á, tó bá fi ju bíi 50 milliamp lọ, máa yọ fíùsì ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi wálẹ̀, ibi fíùsì tó mú un wálẹ̀ ni iná ti ń jò.

Má ju tẹ́sítà oníglóòbù ẹ nù o. Wáyà tó ku irun kan ṣoṣo tó so ó mọ́ra, mítà á ṣì sọ pé 12 volt wà níbẹ̀, glóòbù ni ò ní tàn. Ṣùgbọ́n má fi kan wáyà airbag àbí ti brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) láé. Tí àmì bátìrì bá sì yọ lójú mítà, pààrọ̀ bátìrì kékeré inú ẹ̀, irọ́ ló máa ń pa nígbà yẹn.

Kó o tó sanwó, ya fọ́tò ojú ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìyá ẹ kí ẹ, wọ́n ní ìgbà wo lo ń bọ̀.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun